Ẹsẹ̀ Ìyàwó Mi Lórí Pẹ́dàlì

Mo ń jowú ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò sí ọkùnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti jọ ń gbé, n kò sì bi í rí pé ta ló ń pè é lórí fóònù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni mò ń wí, ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó fi ń tẹ maṣíìnì mi. Bó bá ti gbé e lé pẹ́dàlì láàárọ̀, tí irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, inú mi á ti bàjẹ́. Màá wá nǹkan sọ. Màá ní ó ń sáré jù, tàbí pé ariwo bélítì ń dí mi létí. Òun á kàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Télọ̀ ni mí. Ìkìrun ni wọ́n ti bí mi, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹun ní Mpape, nílùú Abuja. Ṣọ́ọ̀bù wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó gun òkè wá láti Maitama, níbi tí eruku àwọn tó ń fọ́ òkúta ti máa ń bà lé ohun gbogbo. Bí wọ́n bá fi dáínámáìtì fọ́ àpáta lọ́sàn-án, àlùmọ́gàjí á gbọ̀n lórí tábìlì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nísàlẹ̀ máa ń wa ọkọ̀ gòkè wá bá mi, torí wọ́n ti gbọ́ pé aṣọ tí mo bá rán kì í fún lápá, kì í sì í tú lábíyá. Ẹ má bínú, mo ń yin ara mi. Kò sẹ́ni tó ń yìn mí mọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe é fúnra mi.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà tẹ maṣíìnì. Ó ní bàtà kì í gbọ́rọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló ń mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti dé ibi tí aṣọ ti nípọn, tí á sì dẹwọ́ kí abẹ́rẹ́ tó kán. Nítorí náà, gbogbo àwa tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ la ní àmì kan náà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, níbi tí irin pẹ́dàlì ti máa ń rin wá: awọ líle kan tí ọ́ọ́lù àti irin tó ti dógùn-ún ti sọ di dúdú. Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira, ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ mi sókè níwájú àwọn tó wá bá wa ṣe é. Ó fi àmì náà hàn wọ́n. Ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa, iṣẹ́ ti wọ ọmọ yìí lára. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyá mi sì sunkún. Wọ́n fún mi ní ìwé-ẹ̀rí lọ́jọ́ náà o, wọ́n fi gíláàsì bò ó, àmọ́ èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni mo kà sí ojúlówó.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ níbẹ̀ ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, inú mi dùn ni. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń wọ̀ mí lára sí i. Ó kọ́kọ́ tó hóró àgbàdo. Nígbà tó yá, ó tó bọ́tìnì kóòtù. Etí rẹ̀ kò gún. Apá kan dúdú kirikiri, apá kejì ní àwọ̀ tíì. Ìyàwó mi fẹ́ fi kẹrosíìnì àti òkúta ìfọsẹ̀ bó o kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo bi í bóyá ó mọ iye ọdún tó gbà mí kí n tó ní irú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ìlú mi kan tí òun náà jẹ́ télọ̀ wá kí mi láti Nyanya. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, a bọ́ bàtà, a sì gbé àtẹ́lẹsẹ̀ síra wọn láti wo tẹni tó dúdú jù. Tèmi ló dúdú jù. Òun ló ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́jọ́ náà. Ó ń jowú mi, mo rí i lójú rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, mo ní pẹ́dàlì ló bó o. Nígbà tó ń ṣẹ̀jẹ̀, mo wé àjákù aṣọ mọ́ ọn, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Oníkẹ́mísìtì gún mi lábẹ́rẹ́, ó tún ní kí n máa tú kápúsù, kí n máa bu ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ojú egbò náà. Kò jiná. Ìgbà yẹn ni àwọn aládùúgbò wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Wọ́n ní mo ti tẹ nǹkan. Gbogbo ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ: pé ẹnì kan gbé nǹkan dè mí lọ́nà, mo sì fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n rántí ẹni tí mo ṣẹ̀. Mo ronú títí, ẹnì kan ṣoṣo tí mo rí ni télọ̀ Nyanya tí mo fi ẹsẹ̀ borí. Mo bínú sí i fún odidi oṣù mẹ́ta. Ọkùnrin náà kò mọ nǹkan kan, ó ṣì ń fi àdúrà ránṣẹ́ sórí fóònù mi ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ìyàwó mi ló fà mí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọdébìnrin ni lójú mi. Ó gé díẹ̀ lára dúdú náà, ó ní wọ́n máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ká sì padà wá. Nígbà tí a padà dé, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, wọ́n ti gbé èsì ẹ̀ wá. Mẹlanómà ni. Jẹjẹrẹ awọ ara nìyẹn."

"Kì í ṣe pẹ́dàlì?"

"Kò sẹ́ni tó lè sọ pé pẹ́dàlì ló fà á, sà. Àwọn èèyàn rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe, àmọ́ ó ń ṣe àwa náà. Abẹ́ ẹsẹ̀ ló sábà máa ń wà lára tiwa, tàbí àtẹ́lẹwọ́, tàbí abẹ́ èékánná. Àwọn èèyàn kì í wo ibẹ̀, ìyẹn gan-an ni problem ẹ̀."

Mo sọ fún un pé èmi ń wo ibẹ̀ lójoojúmọ́, pé mo tiẹ̀ fi ń yangàn. Ó wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi wolẹ̀.

Wọ́n gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi àti ọmọ ìka tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gé ẹran tó wà nísàlẹ̀ wọn títí dé ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Wọ́n bó awọ lára itan mi, wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Télọ̀ ni mí, mo mọ ohun tí wọ́n bá lẹ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa, ojú rírán rẹ̀ tẹ́jú, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ kò bára mu. Dókítà ní ẹsẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ tẹ irin mọ́ láé. Ó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí n máa wá kí wọ́n yẹ̀ mí wò láti orí dé ẹsẹ̀, torí àrùn náà lè gba inú ara lọ síbòmíì. Ó ní kí n máa fọwọ́ wá kókó níbi tí itan ti pàdé ikùn lápá ọ̀tún. Bí mo bá rí kókó kankan níbẹ̀, kí n má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, kí n wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí èmi náà sọ ọ́ fún òun.

Àìsàn yìí ní ìwà tirẹ̀. Kò jẹ́ kí irun mi re, kò jẹ́ kí n rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tiẹ̀ yọ sí i nítorí àìṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rí mi lórí àga á ní ara mi ti dá ṣáṣá, á sì máa bi mí ìgbà tí màá padà sẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò mi kan pè mí láti ilé, ó ní òun ti kà nípa rẹ̀ lórí fóònù, pé kí n yẹra fún oòrùn. Mo bi í bóyá ó mọ ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi wà láti ogún ọdún ó lé. Abẹ́ maṣíìnì ló wà, nínú òjìji, kò mọ bí oòrùn ṣe rí. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, pé àrùn àwọn àfín ni, dókítà ló gbé ìwé ẹlòmíì fún mi. Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Gbogbo èèyàn ló mọ orúkọ àìsàn tirẹ̀. Wọ́n ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un, wọ́n ń bá a fọṣọ, wọ́n ń gbàdúrà fún un. Èmi, wọ́n ń bi mí ohun tí mo tẹ̀. Mo jowú obìnrin aláìsàn, mo jowú ọbẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ẹ bá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn Hausa bá ń ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti lọ kírun. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á da omi sí i, ọmọ ìka márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, wọ́n á sì gbọn ẹsẹ̀ náà nù bí ẹni pé nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan ni. Wọ́n á kí mi, "Sànnu, baba," màá ní "Yauwa," ojú mi kò ní kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn tó ń gbé òkúta sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta ń fi sílípáàsì jíjá rìn lórí òkúta mímú, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo bínú sí gbogbo wọn.

Àmọ́ tìyàwó mi ló burú jù, torí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló wà ní àyè mi.

Kí n tó ṣàìsàn, bọ́tìnì ló ń dè, ó ń ká etí aṣọ, ó ń lọ aṣọ. N kò kọ́ ọ ní maṣíìnì rí, kò sì bi mí. Nígbà tí mo ti ilé ìwòsàn dé, tí mo ń fi ọ̀pá tilẹ̀, mo bá a lórí àga mi, ó bọ́ bàtà, ó ń rán sòkòtò ọmọ iléèwé kan. Ó ní àwọn oníbàárà ń yọ òun lẹ́nu, pé òun kàn ń gbìyànjú ni. Mo mú sòkòtò náà, mo yí i sódì, mo wá àṣìṣe. Mo wá a títí. Rírán rẹ̀ gún ju tèmi lọ, kì í ṣe díẹ̀. Ogún ọdún tí mo rò pé ó kàn ń de bọ́tìnì, ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

Mo gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ òsì tẹ pẹ́dàlì. Ó ń lọ, ó ń dúró, aṣọ ń wọ́. Mo ra maṣíìnì oníná, mo ní ọwọ́ ẹ̀ fúyẹ́. Iná Mpape tó wákàtí méjì lọ́jọ́ tó bá fẹ́ràn wa, ẹsẹ̀ òsì náà kò sì mọ ìwọ̀n, bí mo bá fẹ́ kó rọra, á sáré. Bí a ṣe wá pín iṣẹ́ nìyẹn: èmi ń wọn èèyàn, mo ń gé aṣọ, òun ń rán. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, màá ní èmi ni télọ̀, pé ó ń bá mi tẹ maṣíìnì ni. Èmi nìkan ni mo gba ara mi gbọ́.

Oníbàárà wa kan wà, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì, ọmọ Ẹ̀kìtì, tó ń gbé Lokogoma. Ó máa ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Láyé ìgbà tí ẹsẹ̀ mi pé, Télọ̀ lorúkọ mi lẹ́nu rẹ̀, ìyàwó mi sì ni ìyàwó Télọ̀. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ó wọlé, ó gbé aṣọ tí ìyàwó mi rán sí iwájú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì.

"Télọ̀ mi, God bless your hands," ló wí fún ìyàwó mi. Ó wá rí mi ní kọ̀rọ̀. "Ẹ káàsán, ọkọ Télọ̀. Ara ń le?"

Mo ní ara ń le. N kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní inú ń run mí.

Nígbà tí obìnrin náà tún máa wá, mo mọ ọjọ́ tó ń bọ̀, mo sì dẹ bélítì maṣíìnì sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ kí bélítì náà yọ̀ lójú oníbàárà, kí ìyàwó mi pè mí, kí n dìde, kí n wá bá a tún un ṣe. Ó sì yọ̀ lóòótọ́. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, ó gé orí bélítì náà díẹ̀, ó fi wáyà so ó, ó ti ń ránṣọ lọ kí n tó rí ọ̀pá mi mú.

"Ah-ah, Télọ̀, ṣé o tún ń ṣe mechanic ni?"

"Dádì ló kọ́ mi, mà."

N kò kọ́ ọ rí. Ó fi ọ̀rọ̀ náà bò mí láṣìírí níwájú oníbàárà, èyí sì tún dùn mí ju bí ì bá ṣe dùn mí tó ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí èèyàn bá ti ń jowú, oore pàápàá á máa rí bí ìwọ̀sí lójú rẹ̀.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, mo ń wẹ̀ láàárọ̀, ọwọ́ mi bá kókó kan níbi tí itan ọ̀tún ti pàdé ikùn. Kò tó ẹyin àparò. Kò dùn mí. Mo tẹ̀ ẹ́, kò yẹ̀. Mo dúró sínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lára. Ohùn dókítà ń dún létí mi, pé lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ṣanra, mo wọṣọ, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, n kò sọ fún ẹnì kan.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi pé, mo sọ fún ìyàwó mi pé ilé ìwòsàn ti pè mí, wọ́n ti sún un síwájú. Irọ́ ni. Ẹ ó máa bi ara yín pé irú òmùgọ̀ wo nìyí. Mo mọ̀ pé ẹ̀mí mi ni mo ń fi ṣeré. Àmọ́ ohun tí mò ń rò nìyí: ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíì ló wà lórí àga mi nígbà tí mo fi dé. Bí mo bá tún lọ, wọ́n á tún gé nǹkan, wọ́n á dá mi dúró, bí mo bá sì fi padà dé, gígé aṣọ náà yóò ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti rí i tó ń wo bí mo ṣe ń fi ẹfun sàmì sáṣọ. Ó ń wò ó gẹ́lẹ́ bó ṣe wo ẹsẹ̀ mi. Mo gbé kókó náà mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nítorí tábìlì ìgéṣọ.

Oníbàárà wa ti Lokogoma ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó kó léèsì funfun wá, ó ní òun máa wọ̀ ọ́ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, òun á sì yà gbà á ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mo gé e. Nígbà tí ó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, ìyàwó mi jáde lọ ra síìpù. Mo gbé agolo ọ́ọ́lù. Mo dà á sí gbogbo ojú ihò tó wà lórí maṣíìnì náà, mo dà á títí ó fi ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Tí ọ́ọ́lù bá kan léèsì funfun, ó parí nìyẹn. Oníbàárà á pariwo, á sì béèrè pé Télọ̀ gidi dà.

Ìyàwó mi dé. Ó wo maṣíìnì, ó wò mí. Ó mú àkísà, ó nu orí rẹ̀ nù, ó nu abẹ́ rẹ̀, ó wá ń rán àjákù aṣọ lórí rẹ̀ láìlówùú títí àjákù náà fi jáde ní funfun báláú. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àga mi. Títí di ọ̀sán ló fi ń rán léèsì náà, èmi sì jókòó tì í, mò ń wá àbàwọ́n. Kò sí. Ó ku apá òsì nìkan nígbà tí ooru mú un, tó ní kí òun sinmi díẹ̀. Ó na ara rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sí ògiri, oorun sì gbé e lọ.

Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí mi. Lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, dúdú kan wà níbẹ̀. Ó tó bọ́tìnì kóòtù. Etí rẹ̀ kò gún.

Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí. Ohun tó kọ́kọ́ wọ inú mi, kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ, ni pé ó tó, ìwọ náà á mọ̀ ọ́n. Ayọ̀ ni. Mo dá a mọ̀, òun náà ni mo ní lọ́jọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ borí télọ̀ Nyanya. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rù wá dé, ó sì dé tagbáratagbára. Mo rí àwọn tó ń gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n gbé mi lọ. Mo rí ẹsẹ̀ náà nínú báńdéèjì. Mo rí àga maṣíìnì tó ṣófo, n kò sì rí ara mi lórí rẹ̀.

N kò rántí bí mo ṣe dé ìdí bẹ́ǹṣì, n kò mú ọ̀pá. Mo da kẹrosíìnì sí àkísà, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Dúdú náà fẹ̀, ó ṣú, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọ́ọ́lù ni. Ọ́ọ́lù tí mo dà láàárọ̀ ló ṣàn sórí pẹ́dàlì, tó pò mọ́ eruku òkúta. Awọ ara rẹ̀ yọ jáde, ó mọ́, ó pọ́n díẹ̀ níbi tí irin ti rin ín. Mo ṣì ń nù ún.

"Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ọ́ọ́lù ni."

"Mo mọ̀ pé ọ́ọ́lù ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ dà á síbẹ̀."

"O mọ̀?"

"Bí mo ṣe mọ̀ nípa bélítì náà. Ẹ fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, ó ti mọ́."

N kò fi í sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí itan mi, mo sì sọ fún un pé kókó kan wà lára mi. Mo fọwọ́ hàn án ibi tó wà. Ó dìde jókòó.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ó ń ṣírò rẹ̀. "Ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ní wọ́n sún ọjọ́ síwájú."

"Wọn ò sún ọjọ́ kankan síwájú."

"Nítorí kí ni, Dádì?"

Mo wo maṣíìnì. Òun náà tẹ̀ lé ojú mi, ó wò ó. Mo ń retí kó bú mi, ǹ bá sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó bú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó kàn nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró, ó dìde, ó wọ sálúbàtà. Ó yọ léèsì náà kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́ pẹ̀lú apá kan tí kò tíì rán, ó ká a sínú ọ̀rá. Ó bo maṣíìnì. Mo ní kó jẹ́ ká dúró kó fi apá tó kù parí, torí agogo mẹ́rin ti sún mọ́lé, oníbàárà ń bọ̀. N kò rí i kó fi iṣẹ́ oníbàárà sílẹ̀ láìparí rí.

"Ẹ dìde," ló wí. "Ọ̀pá yín rèé."

A wọ takisí, ó ń sọ̀kalẹ̀ gba Maitama lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ rìn níwájú wọn. Fóònù rẹ̀ dún. Mo gbọ́ ohùn oníbàárà wa ti Lokogoma, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá ilẹ̀kùn ní títì pa, ó ń bi í pé Télọ̀, níbo lo wà.

"Ẹ má bínú, mà. Apá kan ló kù, màá gbé e wá bá yín nílé lọ́la. Télọ̀ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lónìí. Mo ń tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù."

Obìnrin náà sọ nǹkan kan tí n kò gbọ́.

"Èmi kọ́ o, mà," ni ìyàwó mi dá a lóhùn. "Èmi, ìyàwó ẹ̀ ni mí."

Ó ti fóònù sápò. Ó ti bọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nínú sálúbàtà nítorí kẹrosíìnì tí mo fi nù ún, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ kejì kó lè gbẹ. Ojú mi kò kúrò níbẹ̀ títí a fi dé ẹnubodè ilé ìwòsàn. Ọmọ ìka márùn-ún. Mo ṣì ń jowú rẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan àti lábẹ́ èékánná wọn, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.